Ilé Tí A Fi Òwú Wọ̀n

Bí ẹ bá rí ẹni tó ń wolẹ̀ rìn ní àdúgbò wa ní Ìṣẹ́yìn, ẹ má rò pé owó ló sọ nù. Òwú ló ń ṣọ́. Àwọn ahunṣọ wa máa ń na òwú sílẹ̀ gbọọrọ níwájú òfì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún. Ó lè gba ẹnu ọ̀nà ilé mẹ́ta kọjá, kó gba iwájú mọ́sáláṣí, kó gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn ará Ìpàpó ti ń já iṣu sílẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ọmọ tí kò tí ì sọ̀rọ̀ já gaara ti mọ bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ rékọjá rẹ̀. Ewúrẹ́ wa gan-an mọ̀ ọ́n. Àlejò nìkan ní í kọsẹ̀.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí àṣìṣe kan tí a ṣe, àwa tí a jẹ́ ọmọ ìlú. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Kò tí ì pẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí bó ṣe yanjú, orí mi ṣì máa ń wú.

Ilé kan wà lẹ́yìn ọjà, Ilé Tábà ni a ń pè é. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ewé tábà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn. Wọ́n ń kó o wá láti Òkèhò, láti Kómu, láti ibi gbogbo tí ilẹ̀ ti gbẹ tí oòrùn sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ń rà á kó lọ. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún olùṣọ́, olùṣọ́ darúgbó, ó kú, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ilẹ̀kùn kò tìtorí ìyẹn pẹ́ kó tó ṣí. Ikán jẹ ẹ́.

Ilé náà gùn. Bí o bá dúró ní ìpẹ̀kun kan tí o pe ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kejì, ohùn rẹ á kọ́kọ́ kí àwọn àdán kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ahunṣọ ló kọ́kọ́ gbọ́n. Ilé tó gùn, tó ní òrùlé, tí kò sì sẹ́ni tó ń lé èèyàn níbẹ̀: kí ni aláṣọ òfì tún ń wá? Oòrùn kò ní pa òwú láwọ̀ dà, òjò kò ní pa á.

Ìyá mi kékeré wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Àbúrò ìyá mi ni, òun ló sì tọ́ mi dàgbà. Obìnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ahọ́n rẹ̀ nìkan ni kò kúrú. Òfì bàbá wọn ló jogún, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń sọ fún un pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ó ní ọjọ́ tí òun bá rí irùngbọ̀n lára òwú ni òun ó tó gbà.

Opó ni, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì jìnnà. Yàrá kan ló ń gbé nínú agbo ilé wọn, yàrá tí òrùlé rẹ̀ ti rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ lóru, á fi ọ̀rá bo òwú, á fi ọ̀rá bo aṣọ tó ti hun, òun fúnra rẹ̀ á wá jókòó sórí àpótí, omi á máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ó ní ilé mi jìnnà sí òfì.

Ní ọdún kan, nígbà òjò, ògiri Ilé Tábà wó lápá kan. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, àwọn ahunṣọ ti lọ kírun, kò sí ẹni tó fara pa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba gbogbo wa. A pe ìpàdé, a sì yan ìgbìmọ̀. Alhájì kan tó jẹ́ akọ̀wé tábà nínú ilé náà gan-an nígbà èwe rẹ̀ la fi ṣe alága. Èmi, nítorí pé mo ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé, ni wọ́n ní kí n máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Mo rò pé ilé ìtajà ni wọn yóò ní kí a kọ́. Ohun tó máa ń wù wá nìyẹn: bí ilẹ̀ kan bá ti ṣí sílẹ̀ láàárín ìlú, ṣọ́ọ̀bù ni. Alhájì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù ti pọ̀ ju ẹni tó ń rà lọ. Ẹni tí kò ríbi sùn ló pọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ilé tí apá mẹ̀kúnnù á ká." Mo ń retí pé ẹnì kan á ta kò ó. Àwọn tó ni ilẹ̀ jókòó sí apá ọ̀tún, wọ́n wo ara wọn lójú, èyí tó dàgbà jù nínú wọn sì ní, "Àwa náà ní àwọn tí kò ríbi sùn nínú ilé wa." Ó parí. Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé yóò gbà wá ní oṣù mẹ́ta, kò tó kí omi hó. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

A to orúkọ: àwọn opó, àwọn tíṣà tó ń ti abúlé wá, àwọn ọlọ́kadà tí ìyàwó àti ọmọ wọn há sínú yàrá kan, àwọn ahunṣọ. Ìyá mi kékeré ló wà lókè pátápátá. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́ síbẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ àpótí tó ń jókòó lé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí òrùlé Ilé Tábà, ìlú dúró sí òdìkejì títì. Bí páànù kan bá ti ṣí, ìmọ́lẹ̀ á já bọ́ sínú ilé bí ìgbà tí èèyàn da omi. Ilẹ̀ tí oòrùn kò fojú kàn láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, a wá rí i. Ó pupa, ó ń dán, ẹsẹ̀ àwọn alágbàárù ti tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dà bí inú ìkòkò. Lẹ́yìn náà, katakata fi ẹnu kan ògiri. Eruku dìde, òórùn tábà sì tẹ̀lé eruku, tútù, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ẹrù sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ti rò pé òórùn náà ti kú. Inú ògiri ló wà. Alhájì ṣí fìlà rẹ̀. Obìnrin kan tó ru igbá dúró ságbede méjì títì, ọkọ̀ kan dúró dè é, awakọ̀ náà kò fọn fèrè.

Ẹnjiníà wa, ọmọbìnrin ìlú tó kàwé ní Ìbàdàn, ya àwòrán ilé tuntun náà. Ó dára. Yàrá ní ọ̀wọ́ méjì tó dojú kọ ara wọn, àgbàlá láàárín, kànga nínú àgbàlá, ilé ìwẹ̀, ilé ìdáná fún yàrá kọ̀ọ̀kan. A pàtẹ́wọ́. Mo gba ẹ̀dà kan, ó di ilé ìyá mi kékeré.

Mo tẹ́ bébà náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Tiyín rèé, àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún. Kànga rèé. Ilé ìdáná yín rèé, tiyín nìkan."

Ó wò ó pẹ́. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ka fọ́nrán òwú mọ ìlà í wò.

"Tíṣà," ó ní. Bó bá ti pè mí ní tíṣà, mo mọ̀ pé mo ti ṣẹ̀. "Níbo ni òwú máa gbà?"

Mo wo bébà. Kànga ló wà láàárín, ilé ìdáná ló yí i ká.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tí a lọ wọn ilẹ̀, àwọn ahunṣọ na òwú sí iwájú Ilé Tábà. A mú téèpù, a ń lọ, a ń bọ̀. A ń gbé ẹsẹ̀ rékọjá òwú. A tilẹ̀ ń sọ fún ara wa pé, "Rọra, òwú wà níbẹ̀." Lẹ́yìn náà la kọ ọ́ sínú ìwé pé ilẹ̀ náà ṣófo. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kì í ṣe ọmọ aláṣọ tàbí ọmọ-ọmọ aláṣọ. Òwú ló rán wa nílé ìwé. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ìlú mìíràn ló wá wọn ilẹ̀ náà, ì bá kọsẹ̀, ì bá sì béèrè.

"Ẹ lè máa nà án sí títì," mo ní, kí n má ba à dákẹ́.

"Títì tí wọ́n ti da ọ̀dà sí? Kí tírélà máa bá mi hun ún?" Ó ká bébà náà, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Yọ orúkọ mi. Fún ẹlòmíràn. Bí mo bá wọ ilé yẹn, ara mi á gbẹ nígbà òjò, mo mọ̀. Kí ni n óò máa jẹ nínú gbígbẹ?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n kúrò níwájú ìmọ́lẹ̀ òun. Nígbà tí mo fi máa dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ ọ tí ó ń kùn pé òun ti ń jókòó sórí àpótí tipẹ́, pé àpótí náà kò sì tí ì ṣẹ́.

Mo lọ bá Alhájì. Ó gbọ́ mi tán, ó fi ọwọ́ bo ojú. "Akọ̀wé tábà ni mí," ó ní. "Ẹ̀yin ọmọ aláṣọ ńkọ́?" Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀. Kí àwọn ahunṣọ wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kí wọ́n má wá sọ̀rọ̀. Kí wọ́n wá na òwú."

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà. Ètè wa ti là, eruku bo ojú ọ̀run. Àwọn ahunṣọ méje ló dé, wọ́n gbé òwú sórí ní dídì. Wọn ò kí wa púpọ̀. Ìyá mi kékeré mú ìdúró rẹ̀ ní ìpẹ̀kun kan, ó di òpin òwú tirẹ̀ mú. Ẹni tó gbé dídì náà ń tú u lọ, ó ń rìn sẹ́yìn, ó ń lọ, ó ń lọ. Ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, wọ́n so ó mọ́ pákó, wọ́n gbé òkúta ńlá lé pákó náà kí òwú lè le. Ẹnì kejì tẹ̀lé e. Ẹnì kẹta.

Oòrùn wá yọ nínú eruku. Mo ti ń rí òwú láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Ó dà bí ẹni pé n kò rí i rí. Dúdú aró wà níbẹ̀, pupa àlàárì wà níbẹ̀, ọ̀kan wà tó dà bí oyin, wọ́n nà tààrà láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì lórí ilẹ̀ pupa náà, fọ́nrán wọn kò ṣeé kà, kò sì sí èyí tó lọ́ mọ́ ìkejì. Afẹ́fẹ́ fẹ́, gbogbo wọn gbọ̀n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èéfín ọyẹ́ ń gba orí wọn kọjá. Ẹnjiníà dúró, téèpù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò wọn nǹkan kan. Ó rìn láti orí òwú dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó tún rìn padà.

"Ẹ̀yin ìyá mi," ó sọ níkẹyìn, "ṣé kò lè kúrú díẹ̀?"

"Ó lè kúrú," ìyá mi kékeré dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ náà kọ́kọ́ kúrú."

Àwọn ahunṣọ rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà náà rẹ́rìn-ín, ó sì kúnlẹ̀ kó lè béèrè dáadáa. Ìyá mi kékeré wá ṣàlàyé fún un pé gbogbo aṣọ ọ̀hún, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ló wà nínú òwú tí a nà yẹn. Bí a bá gé e láàárín kí a tó hun ún tán, ojú ìso á wà nínú aṣọ, ojú oníbàárà á sì rí i. Ẹnjiníà gbọ́. Ó ká téèpù rẹ̀, ó fi sápò. Ó ní kí wọ́n bá òun wá èèkàn. Bí àwọn òwú náà ṣe nà, bẹ́ẹ̀ ló ń kan èèkàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn, ìlà kan lápá ọ̀tún, ìlà kan lápá òsì. Nígbà tó ṣe tán, ó jókòó sílẹ̀ nínú eruku, ó ṣírò rẹ̀ sórí ìwé, ó sì wá bá wa.

Ó ní ó ṣeé ṣe. Kànga àti ilé ìwẹ̀ á kúrò láàárín, wọ́n á lọ sí ìpẹ̀kun. Ilé ìdáná á di àjùmọ̀lò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà òwú náà ń fẹ́ fífẹ̀ sí i. Yàrá kọ̀ọ̀kan, lápá méjèèjì, ní láti yọ ìgbọ̀nwọ́ kan sílẹ̀.

Alhájì mi orí. "Kì í ṣe àwa la máa gbé ibẹ̀," ó ní. "Ẹ pe àwọn tó ni yàrá."

Wọ́n dé lẹ́yìn ìrun Àsárì. Wọ́n dúró yí àwọn èèkàn náà ká, àwọn tí kò tí ì ní ilé rí, a sì fẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gé nínú rẹ̀. Ìtìjú bá mi bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ náà sí wọn létí. Àwọn tíṣà wo ilẹ̀. Ọlọ́kadà kan, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ọmọ mẹ́fà, ló jáde síwájú.

"Ẹ̀yin ahunṣọ," ó ní, "ẹ ti gba ojú ọ̀nà. Ẹ gba Ilé Tábà. Ó wá ku bẹ́ẹ̀dì mi. Ìgbọ̀nwọ́ kan, ọmọ mi kan ló ń sùn síbẹ̀ yẹn."

"Òótọ́ ló sọ," ìyá mi kékeré ní. "Mo ti sọ fún tíṣà kó yọ orúkọ mi. Ẹ má gé yàrá ọmọ ẹni kankan nítorí mi."

"N kò tí ì parí ọ̀rọ̀ mi, Ìyá," ọlọ́kadà náà ní. Ó yíjú sí wa. "Mo já òwú ìyá yìí lọ́jọ́ kan. Táyà mi ló wọ inú rẹ̀. Mo ti ń wo ibi tí màá gbà sá, nítorí ẹ mọ ẹnu wọn. Wọn ò tiẹ̀ wò mí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń so ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbé èrò lọ Kómu, mo padà dé, wọ́n ṣì ń so ó. Mo tún gbé èrò kan, mo padà dé. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "N kò bẹ̀ yín lọ́jọ́ náà, Ìyá. Ojú ló ń tì mí."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni," ìyá mi kékeré ní. "Ọ̀kadà rẹ ń húkọ́."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́kadà náà gbé ọwọ́ sókè. "Mo gbà. Ẹ gé e. Ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ ta ni ẹ fẹ́ lò? Bó bá jẹ́ ti Alhájì, ẹ má dán an wò."

Alhájì ga, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún. Òun náà na apá rẹ̀, ó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ti Ìyá," ọlọ́kadà náà ní. "Ti Ìyá ni mo fọwọ́ sí."

Opó kan ní òun náà fọwọ́ sí ti Ìyá. Tíṣà kan tó ti Òkèhò wá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, títí ó fi kan ẹni tó wà lẹ́yìn. N kò rí irú rẹ̀ rí, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn bàbá wa: kí ẹni tí kò ní ilé máa bù nínú ilé fún ẹlòmíràn.

Ẹnjiníà wo Alhájì, Alhájì wo Ẹnjiníà. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. Ìyá mi kékeré jókòó sílẹ̀, ó ká ọwọ́ bùbá rẹ̀, ó tẹ́ apá rẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa náà, láti ìgúnpá dé orí ìka. Apá kúkúrú, iṣan ló kún un. Ẹnjiníà fi téèpù wọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wọn aṣọ fún ìyàwó, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Èmi náà kọ ọ́ sínú tèmi. Nígbà tó ṣírò rẹ̀ tán, ó ní ọ̀nà náà á fún díẹ̀, ṣùgbọ́n á gba òwú méje, á sì gba ẹsẹ̀ ẹni tó ń lọ. Ìyá mi kékeré jókòó síbẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n tán, kò gbé apá náà kúrò nílẹ̀. Mo jókòó tì í.

Ilé náà gbà wá ní àkókò. Òjò kan lọ, òjò kejì ti fẹ́ dé kí páànù tó wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dúró. Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn ọjà, ẹ óò rí i: ọ̀wọ́ yàrá méjì, ọ̀nà kan láàárín wọn tó tọ́ bí ìpinnu, òrùlé kan tó bo àárín.

Mo lọ bẹ ìyá mi kékeré wò nígbà tó kó dé ibẹ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ó jókòó sẹ́nu òfì, ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo sì rí i pé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ gbẹ. Ó ti na òwú àkọ́kọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba iwájú gbogbo ènìyàn, pákó tó gbé òkúta sì wà ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, níwájú ilé ọlọ́kadà. Bí ó ṣe ń hun ún, tó ń ká aṣọ sí ara, òwú ń fa pákó náà bọ̀. Ojú kò lè rí ìrìn rẹ̀.

Ìyàwó ọlọ́kadà jáde, ó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe ọmọ Ìṣẹ́yìn, ará Ṣakí ni.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ó bá mi gbé òkúta yìí kúrò kí n lè gbálẹ̀?"

"Gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, aya mi," ìyá mi kékeré ní, kò gbójú sókè. "Ó ń bọ̀ wá bá mi fúnra rẹ̀."

"Òkúta?"

"Òkúta. Bó bá di Ọjọ́rú, á ti kúrò níwájú ilé rẹ, á ti dé ti tíṣà ará Òkèhò."

Obìnrin náà gbé ìgbálẹ̀ tì. Ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń wo òkúta. Mo lọ jókòó tì í.